Adìyẹ àti Ẹyin Tí Mo Sè Kí Wọ́n Má Baà Gbé Mi Lọ sí Àbújá

Èèrà ló kọ́kọ́ mọ̀ pé ṣúgà wà lára mi, kì í ṣe dókítà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo lọ sí ẹ̀yìn ilé mi ní Okokomaiko, níbi tí mo máa ń tọ̀ sí nígbà tí àwọn ayálégbé bá ti gba ilé ìtọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, mo sì bá èèrà níbẹ̀ tí wọ́n tò bí ẹni tó wá dìbò. Kì í ṣe èèrà ilé wa nìkan. Mo mọ èèrà ilé wa, dúdú ni wọ́n, ojú sì máa ń tì wọ́n. Àwọn wọ̀nyí, pupa wà nínú wọn, olórí ńlá wà nínú wọn, àwọn kan tiẹ̀ fa ọmọ lọ́wọ́. Mo tẹ̀lé ìlà wọn kí n lè mọ ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. Mo rìn títí mo fi dé Iba kí n tó rí èyí tó gbẹ̀yìn, ó sì ń sáré kó má baà bá a tán. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó fi ẹsẹ̀ rìn láti ilé mi dé Iba, yóò rí i pé ọ̀nà náà wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Nígbà tí mo ròyìn èèrà yìí fún nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìwòsàn kékeré àdúgbò wa, kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó gún mi níka, ó fi bébà tín-ín-rín kan gba ẹ̀jẹ̀ mi, ó ki bébà náà bọ ẹnu ẹ̀rọ kékeré kan tó rí bíi rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n. Nọ́ńbà kan jáde lójú ẹ̀rọ náà. Nọ́ọ̀sì wo nọ́ńbà, ó wò mí, ó tún wo nọ́ńbà.

"Bàbá, báwo lẹ ṣe dé ibí?"

"Mo fi ẹsẹ̀ rìn wá."

"Ẹ̀yin fúnra yín?"

Ó ní àtọ̀gbẹ ni. Ó ní kí n má jẹ ìrẹsì mọ́, kí n gbàgbé gàárì, kí n fi búrẹ́dì àti iṣu sílẹ̀ fún àwọn tí ara wọn ṣì le.

"Ọmọ mi, kí ló wá kù?"

"Ẹ̀fọ́ wà, Bàbá. Ẹran wà, ẹja wà, ẹyin wà."

"Ìyẹn ọbẹ̀ ni. Oúnjẹ ni mò ń béèrè."

Ó mú káàdì kan, ó fi bírò pupa kọ nọ́ńbà kan sí i. Ó ní bí mo bá jẹun, tí wákàtí méjì bá kọjá, nọ́ńbà ara mi kò gbọdọ̀ ga ju èyí tó kọ sílẹ̀ yìí lọ.

Kí ẹ lè mọ ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ bí èmi àti ìrẹsì ti jẹ́ síra wa. Ìwé kíláàsì kẹrin ni mo kà kí èmi àti ilé ìwé tó kọ ara wa sílẹ̀, ohun tó sì gbé mi dé kíláàsì kẹrin náà ni ìrẹsì tí wọ́n máa ń sè fún wa lọ́jọ́ ìparí ọdún. Nígbà tí mo wá di atúnfáànùṣe ní Ọjà Àlàbá, ìrẹsì ni mo ń jẹ láàárọ̀, òun ni mo ń jẹ lọ́sàn-án, bí ilẹ̀ bá ṣú, mo máa ń jẹ èyí tó kù kó má baà bínú. Ó dé ibi tí ẹyẹ ẹ̀gà ń tẹ̀lé mi láti ilé dé ìsọ̀, tí wọ́n rò pé oko ìrẹsì ni mí. Ẹnì kan láti Ajangbadi ta kànnàkànnà sí mi lẹ́ẹ̀mejì.

Nítorí náà, nígbà tí àkọ́bí mi obìnrin dé láìsọ tẹ́lẹ̀ láti Àbújá, ìdí ìrẹsì ló ti bá mi. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu géètì, mo yára bọ́ fìlà mi, mo fi dé àwo náà. Ọmọ yìí, olórí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Kì í pariwo. Ó kàn máa ń wo ènìyàn títí ènìyàn yóò fi jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó jókòó, ó béèrè àlàáfíà ilé, ó wá ń wo fìlà tó ń yọ èéfín.

"Bàámi, fìlà yín ń jóná."

"Oòrùn ni, ọmọ mi. Oòrùn ọdún yìí kò dára."

Ó ṣí i. Ó wo ìrẹsì, ó wo ata dín-ín-dín tó wà lórí rẹ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀, mi ò sì rí i kó sunkún láti ọjọ́ tí a sin ìyá rẹ̀. Ìyẹn ló mú kí n má lè purọ́ kankan lọ́jọ́ náà.

"Ẹ máa tẹ̀lé mi lọ sí Àbújá," ó ní. "Ẹ ò lè dá gbé mọ́. Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ẹnu yín."

Mo ti lọ sí Àbújá yẹn rí, ẹ̀yin ènìyàn mi. Òkè àjà kẹta ló ń gbé. Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, mo kí ọkùnrin tó ń gbé ní ilẹ̀kùn kejì, ó bojú wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíì ni mò ń kí. Kò sí ẹ̀yìnkùlé, kò sí bẹ́ǹṣì, kò sí ẹni tí a lè bú kó bú wa padà. Ọjọ́ mẹ́wàá ni mo lò níbẹ̀, àwọn òbí mi tó ti kú sì wá bá mi lójú àlá láti béèrè bóyá mo ti kú ni, torí wọn ò gbúròó mi mọ́. Ilé mi ní Okokomaiko yìí, búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan ni mo fi kọ́ ọ. Àwọn ayálégbé wà níwájú, wọ́n wà lẹ́yìn, yàrá àti pálọ̀ tèmi wà láàárín, ọ̀rọ̀ gbogbo ènìyàn sì ń gba ibẹ̀ kọjá. Mo fẹ́ kú síbẹ̀. Mo sì fẹ́ kó pẹ́ kí n tó kú.

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó kọ̀. Mo tún bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó pẹ́, ó wá gbé àdéhùn kan kalẹ̀ bí ẹni tó ń ṣètò ìdánwò fún ọmọ ilé ìwé.

"Mò ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé tó máa parí oṣù. Kí ẹ fi ọwọ́ ara yín se oúnjẹ kan tí kò ní ìrẹsì, tí kò ní gàárì, tí kò ní iṣu, tí kò ní búrẹ́dì. Kó jẹ́ èyí tí ẹ lè jẹ yó, tí ẹ ò ní máa wá ìrẹsì lẹ́yìn rẹ̀. Tí wákàtí méjì bá pé, màá gún ìka yín. Bí nọ́ńbà bá ga ju ti nọ́ọ̀sì lọ, mo ti ní báàgì."

"Ẹ̀wà ń kọ́?"

"Ẹ ò lè se ẹ̀wà, Bàámi. Ẹ máa ń sùn lọ kó tó jinná."

Òótọ́ ni. Ìgbà tí mo sè é kẹ́yìn, àwọn aládùúgbò ló já ilẹ̀kùn.

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbé lọ sí Ọjà Àlàbá. Ó ti pẹ́ tí ojú mi ti ń ṣe bàìbàì, tí mo ti fi iṣẹ́ fáànù sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo ṣì máa ń lọ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Ìgbò, tó máa ń kó ẹrù tòkunbọ̀ láti Jàpáànù. Nínú gbogbo ẹrù rẹ̀, ìkòkò oníná tí wọ́n fi ń se ìrẹsì ló pọ̀ jù. Ó tò wọ́n láti ilẹ̀ dé àjà. Ẹ rí i pé ibi tí ẹni tí wọ́n fi òfin de ìrẹsì yóò lọ jókòó kọ́ nìyẹn.

"Bàbá Fáànù," ó ní, "ẹ̀ ń wo ìkòkò yẹn bí ẹni tó rí ìyàwó tó kọ̀ ọ́ sílẹ̀."

Mo ro ẹjọ́ mi fún un. Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀ tó fi pàtẹ́wọ́.

"Ah-ah! Oúnjẹ yẹn wà now! Nígbà tí mo lọ kó kọ̀ńténà ní Jàpáànù, òun ni mò ń jẹ lójoojúmọ́, torí kò wọ́n, kì í sì í pẹ́. Adìyẹ àti ẹyin nínú abọ́ kan. Orúkọ tí wọ́n ń pè é ní èdè wọn, òbí àti ọmọ ni. Wọ́n á gé adìyẹ wẹ́wẹ́, wọ́n á sè é pẹ̀lú àlùbọ́sà nínú omi ẹja gbígbẹ, wọ́n á bu omi dúdú kan sí i tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe, tó níyọ̀ dáadáa. Wọ́n á wá da ẹyin lé e, wọ́n á dé e. Kí ẹyin tó jinná tán, wọ́n ti sọ ọ́ kalẹ̀."

"Kó tó jinná?"

"Kó tó jinná, Bàbá. Ó gbọ́dọ̀ máa gbọ̀n."

"Kí ló bà á lẹ́rù?"

"Bí ẹ bá gbé abọ́ náà, ó gbọ́dọ̀ máa mì bí ikùn olówó tó ń rẹ́rìn-ín."

Itọ́ ti ń dá lẹ́nu mi. "Kí ni wọ́n ń gbé e lé lórí?"

Ó wo àwọn ìkòkò tó yí i ká. "Ìrẹsì ni," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń túfọ̀.

Òun ló wá rántí pé ìyàwó òun, bó bá fẹ́ fọn díẹ̀, máa ń gé kábéèjì wínníwínní, á yí i nínú páànù gbígbóná, á sì máa jẹ ẹ́ bí ìrẹsì. Ó ní àwọn ará Jàpáànù máa ń fi ṣúgà sínú tiwọn, ṣùgbọ́n kí n yọ ìyẹn kúrò kí ọmọ mi má baà pa mí. Ó bọ́ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó gbé ìgò omi dúdú náà wá. Mo fi ìka tọ́ ọ wò. Ojú mi là, mo rí orúkọ tí wọ́n kọ sára mọ́tò kan ní òpópónà kejì.

Nǹkan tó wá bà mí jẹ́ ni pé èmi, ẹni tó mọ fáànù, mo fẹ́ fi ìmọ̀ sí ọ̀rọ̀ kábéèjì. Mo ní kábéèjì tó máa dípò ìrẹsì gbọ́dọ̀ kéré bí ìrẹsì, ọwọ́ àgbàlagbà kò sì lè fi ọ̀bẹ gé e tó bẹ́ẹ̀. Fáànù àtijọ́ kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Mo yọ abẹ́ rẹ̀, mo fi ọ̀bẹ ìdáná mẹ́ta rọ́pò, mo dorí rẹ̀ kodò sínú garawa, mo ju kábéèjì odidi méjì sí i. Mo tẹ nọ́ńbà kìn-ín-ní, ó kàn kùn. Mo tẹ nọ́ńbà kejì, ó mirí. Mo wá tẹ nọ́ńbà kẹta.

N kò mọ bí n ó ti ṣàlàyé ohun tó tẹ̀lé e. Kábéèjì jáde nínú garawa náà bí ẹni tó gbọ́ pé iná ń jó ilé rẹ̀. Ó lẹ̀ mọ́ ògiri, ó gorí òrùlé, ó bọ́ sínú kànga. Aṣọ ọlọ́ṣọ̀ọ́ méje tí Ìyá Aránṣọ, ayálégbé mi tó ń gbé ní yàrá iwájú, sá síta, kábéèjì ṣe iṣẹ́ ọnà sí gbogbo wọn lára. Kí ilẹ̀ tó rọ̀, afẹ́fẹ́ ti gbé òórùn rẹ̀ dé Alaba Rago, níbi tí wọ́n ti ń ta àgbò. Àwọn ènìyàn ń sọ pé àgbò kan já lọ́jọ́ náà. Irọ́ ni. Mọ́kànlá ni wọ́n. Èyí tó ṣáájú wọn fi ìwo kan ilẹ̀kùn mi. Mo ní ta ni yẹn? Ó ní "mẹ̀ẹ́," ó sì wọlé, àwọn yòókù tẹ̀lé e, wọ́n fi ahọ́n gbá àgbàlá mi mọ́ tónítóní, wọ́n nu ara ògiri, wọ́n tò jáde lọ́kọ̀ọ̀kan láìjà. Láti ọjọ́ tí mo ti kọ́ ilé náà, kò sí ayálégbé tó gbá a mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìyá Aránṣọ dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ká ọwọ́ lẹ́yìn.

"Bàbá Lándílọ́ọ̀dù, kí ni mo ṣe fún yín?"

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo fọ aṣọ méjèèje. Òun náà ló wá jókòó tì mí, tó kọ́ mi bí a ti ń fi ọ̀bẹ gé kábéèjì: kí a là á sí mẹ́rin, kí a yọ egungun rẹ̀, kí a ká ewé rẹ̀ jọ bí ẹni fẹ́ wé gèlè, kí a máa gé e lọ tín-ín-rín, kí a sì tún gé e ní ìbú. Ọwọ́ mi kò yá, ṣùgbọ́n kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Mo sè é fún ìgbà àkọ́kọ́, mo bu díẹ̀ fún un kó tọ́ ọ wò. Ó béèrè kí ni mo pè é. Mo sọ fún un.

"Òbí àti ọmọ nínú ìkòkò kan? Bàbá, ẹ̀ṣẹ̀ kọ́ lèyí?"

"Wọn ò mọ ara wọn rí. Ajangbadi ni mo ti ra adìyẹ, Iba ni mo ti ra ẹyin."

Ó gba ìyẹn. Ó mú ṣíbí, ó gbé e dé ẹnu, ó tún dá a padà.

"Bàbá, ẹyin yìí ṣì ń wò mí."

"Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn. Títutù rẹ̀ ló ń jẹ́ kó dùn."

"Ẹ dá a padà síná. Ẹni tó bá gbé èyí fún àlejò, ọlọ́pàá ni yóò bá a sọ̀rọ̀."

Lóòótọ́, mo ti sọ ọ́ kalẹ̀ yá jù. Ní ìgbà kejì, mo jẹ́ kó pẹ́ jù, ó le bíi bàtà. Ní ìgbà kẹta, omi rẹ̀ pọ̀, kábéèjì ń wẹ̀ nínú rẹ̀. Ìgbà kẹrin, ológbò kan jẹ ẹ́ nígbà tí mo yíjú, ó sì pẹ́ kó tó kúrò lójú fèrèsé mi lẹ́yìn náà, nítorí náà mo mọ̀ pé mo ti ń súnmọ́ ọn. Sátidé ti ku ọ̀la.

Àkọ́bí mi dé láàárọ̀ Sátidé náà, ó gbé báàgì ńlá kan tó ṣófo dání, irú èyí tó lè gba gbogbo aṣọ mi, kó sì tún gba èmi fúnra mi. Ó gbé e sórí àga láìsọ nǹkan kan. Ó yẹ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wò. Ó yẹ inú ìkòkò wò. Ó tú fìlà mi márààrún wò, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò rí ìrẹsì. Ó wá gbé àpótí, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ní, "Ó yá, Bàámi."

Mo tan gáàsì. N kò purọ́ níbí o. Mo ti tú fáànù tí iná wà lára rẹ̀ rí, kò bà mí lẹ́rù báyìí.

Mo ti rẹ ẹja gbígbẹ sínú omi gbígbóná láti àfẹ̀mọ́jú, mo sẹ́ ẹ, ó mọ́ gaara bíi tíì. Mo da omi náà sínú páànù, mo bu omi dúdú ṣíbí méjì sí i. Mo gé àlùbọ́sà kan ní gígùn-gígùn, mo jù ú sí i, mo jẹ́ kó rọ̀. Itan adìyẹ agíríìkì ni mo lò. Mo ti yọ egungun rẹ̀, mo gé e bí ẹni tó fẹ́ kó tó gbogbo àdúgbò. Mo dà á sí i. Mo fi ata rodo kan sí i, torí mo rò ó títí, n kò rí ìdí tí àwọn ará Jàpáànù fi ń fi ìyà jẹ ara wọn. Nínú páànù kejì, mo yí kábéèjì náà pẹ̀lú òróró ṣíbí kan títí ó fi gbẹ, tó fi dẹ́kun ariwo. Mo dà á sínú abọ́, mo tẹ́ ẹ bí ẹni tẹ́ ẹní.

Ó wá ku ẹyin. Mo fọ́ mẹ́ta. N kò pò ó pọ̀. Mo kàn fi fọ́ọ̀kì la ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí pupa àti funfun ṣì máa bínú síra wọn. Mo dà á yíká páànù láti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ sáàárín, mo dé e, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

"Kí lẹ̀ ń kà?"

"Má bá mi sọ̀rọ̀. Mẹ́tàdínlógún."

"Ṣé ó ti jinná?"

"Ìwọ ọmọ yìí! Méjìdínlógún. Ọdún méjìlélógójì ni mo fi tọ́jú rẹ, o ò lè fún mi láàyè kí n ka ogójì?"

Nígbà tí mo ka ogójì, mo pa gáàsì. Mo tún ka mẹ́wàá sí i. Mo ṣí i. Ojú rẹ̀ pọ́n, etí rẹ̀ ti dì, àárín rẹ̀ rọ̀ bí ohùn ẹni tó fẹ́ tọrọ nǹkan. Mo rọra yí i sórí kábéèjì. Mo gbé abọ́ náà sókè. Ó mì. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ó mì bí ikùn olówó tó ń rẹ́rìn-ín.

Ó ní òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kí òun lè mọ̀ pé n kò fi ṣúgà pamọ́ sínú rẹ̀. Mo gbé e fún un. Ó bu ṣíbí kan. Ó jẹ ẹ́. Ó bu ṣíbí kejì.

"Ẹyin mélòó lẹ fi sí i?"

"Mẹ́ta."

"Ẹyin mẹ́ta," ó ní. Ó gbé abọ́ náà lé orí itan. "Nínú ilé yìí."

Mo ti mọ ibi tó ń lọ. Nígbà tí òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ wà ní kékeré, èmi nìkan ló ń jẹ ẹyin nínú ilé mi. A máa ń sọ fún ọmọdé pé bó bá jẹ ẹyin, olè ni yóò dà. Bàbá mi sọ ọ́ fún mi, mo sọ ọ́ fún tèmi. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, ìyá wọn á se ẹyin méjì fún mi, àwọn ọmọ á tò yí tábìlì ká, wọn á máa wo ọ̀fun mi bó ti ń gbé e mì.

"Mo jẹ ọ̀kan lọ́jọ́ kan," ó ní. "Ẹ rántí? Ẹ ní kí n kúnlẹ̀, kí n gbé ọwọ́ sókè. Ẹ ní ẹ̀wọ̀n ni n ó ti parí rẹ̀."

"Ìyẹn ti pẹ́, ọmọ mi."

"Mo ti di olórí ilé ìwé báyìí. Kọ́kọ́rọ́ gbogbo ọ́fíìsì wà lọ́wọ́ mi. N kò mú ṣọ́ọ̀kì kan lọ sílé rí." Ó bu ṣíbí mìíràn. "Ẹ̀ ń jẹ ẹyin níwájú mi, Bàámi, ẹ sì ń gbádùn rẹ̀. Ẹ máa ń di ojú."

Ó di ojú láti fi hàn mí bí mo ti máa ń ṣe é. Nígbà tó là á, ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń jẹun, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà. N kò lè sọ fún un pé oúnjẹ ìdánwò mi ló ń jẹ. Báwo ni mo ti fẹ́ wí i? Èmi ni mo dúró nídìí gáàsì, tí mo ń wo ọ̀fun rẹ̀. Ó jẹ adìyẹ tán, ó jẹ ẹyin tán, ó fi ṣíbí ha kábéèjì ìsàlẹ̀. Ó wá wo inú abọ́ náà, ojú rẹ̀ là.

"Bàámi! Ẹ ò tíì jẹun!"

"Mo jẹ ègé adìyẹ kan nígbà tí mò ń gé e. Kò tíì jinná."

Ó dìde, ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan bíi ti nọ́ọ̀sì jáde, ó tún jókòó. Mo na ìka sí i.

"Gún un. O ní lẹ́yìn oúnjẹ. Wọ́n ti jẹ oúnjẹ nínú ilé yìí."

"Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi, Bàámi."

"Ìwọ lo ṣe àdéhùn. O ò sọ ẹni tó máa jẹ ẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Ṣùgbọ́n olórí ilé ìwé ni, wọn kì í jẹ́ kí ọmọ gba máàkì tí kò ṣiṣẹ́ fún. Ó ní kí n tún òmíràn sè. Ẹyin tó kù nílé kò ju méjì lọ. Ó tẹsẹ̀ bọ bàtà, ó lọ sí ìsọ̀ ìta, ó ra márùn-ún wá. Mo gé adìyẹ tó kù, mo tún gé kábéèjì, mo tún ka ogójì. Lọ́tẹ̀ yìí, kò bá mi sọ̀rọ̀ bí mo ti ń kà, ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì. Mo jẹ ẹ́ níwájú rẹ̀, mo sì jẹ ẹ́ yó. N ò di ojú. Ẹyin tó wà láàárín, mo fi ṣíbí pín in sí méjì, mo ti apá kan sápá ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó mú un láìbéèrè.

Wákàtí méjì yẹn, mi ò tíì rí èyí tó gùn tó o. Ó sọ ti ilé ìwé rẹ̀ fún mi, mo sọ ti àwọn àgbò mọ́kànlá fún un. Ó ní kí n sọ iye wọn ní pàtó. Mo ní mẹ́sàn-án. Ó wò mí. Mo ní ọ̀kan ni, òun náà sì ń ṣàìsàn. Nígbà tí àkókò pé, ó gún ìka mi, àwa méjèèjì tẹ orí lé ẹ̀rọ náà. Nọ́ńbà náà jáde. Ó mú káàdì nọ́ọ̀sì, ó fi wọ́n wéra wọn. Ó tún fi wọ́n wéra wọn.

"Ó wà lábẹ́ rẹ̀," ó ní.

"Ṣé púpọ̀?"

"Díẹ̀. Díẹ̀ náà tó." Ó fa imú. "Ẹ máa gbé ilé yín, Bàámi. Ṣùgbọ́n ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, màá máa wá gún un. Kí ẹ sì ra ẹyin sílẹ̀ dè mí."

"Mélòó?"

"Kíréètì kan."

Ó fẹ̀yìn ti àga, oorun gbé e lọ. Mo jáde lọ sẹ́nu ọ̀nà Ìyá Aránṣọ, mo ní kó bá mi yọ̀, pé n kò lọ sí Àbújá mọ́, pé ibí yìí ni wọn yóò ti gbé òkú mi jáde.

"Ẹ kú oríire, Bàbá Lándílọ́ọ̀dù," ó ní. Ó fi téèpù ìwọ̀n aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn. "Olúwa á dá yín sí."

Mo tẹ̀lé ojú rẹ̀. Fèrèsé pálọ̀ mi ló ń wò, bí ẹni tí yàrá bọ́ mọ́ lọ́wọ́. Kọ́tìnì tuntun kan, tí wọ́n ti rán dé ìdajì, wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó sì gùn tó fèrèsé náà géérégé.